Koóko ọba ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: Ìgbà tí ó yẹ láti gbìn ín àti ìgbà tí ó yẹ láti gé e

Òjò àkọ́kọ́ inú oṣù Kẹta ni ó máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Bí ó bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ní Upenmen àti àwọn ìlú tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, tí eruku rọlẹ̀, tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí, ẹni tí ó ní koóko ọba lẹ́yìnkùlé yóò hú ìdí rẹ̀, yóò ya á sí wẹ́wẹ́, yóò sì kó o lọ sí ilẹ̀ tuntun. Lẹ́yìn èyí ni òjò yóò dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Oòrùn yóò mú bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì lọ rárá. Kí òjò tó padà, ohun tí wọ́n gbìn ti gbẹ mọ́lẹ̀, olóko yóò sì máa sọ pé ilẹ̀ òun kò gba koóko ọba. Irọ́ ni. Kò sí ilẹ̀ kan ní agbègbè náà tí kò gbà á, àfi ibi tí omi bá ń dúró sí. Ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín ni kò tọ́.

Koóko ọba ni orúkọ tí àwọn àgbà mọ̀ ọ́n sí. Àwọn ọmọ ìwòyí ń pè é ní ewé tíì, nítorí pé inú ife tíì ni púpọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un ni Cymbopogon citratus. Koríko gidi ni. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni òun pẹ̀lú àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni òórùn bí ti ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù tí ó máa ń jáde bí a bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀. Èròjà kan tí à ń pè ní citral ni ó fún un ní òórùn náà, òun ni ó sì pọ̀ jù nínú òróró ewé náà, ó sábà máa ń tó ìdá 7 nínú 10 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun kan náà ni àwọn tí ń ṣe ọṣẹ àti lọ́fínńdà ń torí rẹ̀ rà á. Ilẹ̀ Éṣíà ni ewé yìí ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá débi pé ẹni tí a bá sọ fún pé àlejò ni yóò fẹ́ jiyàn.

Ó ní ìbátan kan tí ó jọ ọ́ gan-an, citronella ni wọ́n ń pè é. Ìdí ti citronella máa ń pọ́n díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì máa ń ta síni nímú ju ti koóko ọba lọ. Èyí ni wọ́n ń fún òróró rẹ̀ láti fi lé ẹ̀fọn. Kì í ṣe ohun tí à ń mu. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọmọ ọ̀gbìn lọ́wọ́ ẹlòmíràn níláti kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀ kí ó sì ra ewé rẹ̀ wò.

Koóko ọba kì í sábà yọ òdòdó níhìn-ín, kì í sì í so èso tí ènìyàn lè gbìn. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá yọ láti ìdí ìyá ni a máa ń ya gbìn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn kan ti náwó lórí hóró rẹ̀ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú mìíràn, tí wọ́n ń gbìn ní Íńdíà, ni ó sábà máa ń wà nínú irú àpò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìyẹn a máa so èso. Òórùn àwọn méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ará Ìfọ́n tàbí Ìdóàní yóò fi máa fi owó wá hóró nígbà tí ìdí kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé aládùúgbò rẹ̀ lè fún un ní ogún ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àìníhóró yìí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ìgbà ṣe pàtàkì. Hóró lè wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ kí ó máa dúró de òjò. Ọmọ tí a ya kò lè dúró. Bí wọ́n bá ti fà á kúrò lára ìyá rẹ̀, púpọ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ ti já, ó sì nílò ilẹ̀ tí ó tutù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí ó tó lè mú omi fúnra rẹ̀ dáadáa. Ìbéèrè tí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ kì í ṣe pé ṣé òjò ti rọ̀, bí kò ṣe pé ṣé òjò ti fìdí múlẹ̀.

Ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà ní ibi tí igbó ńlá ti ń parí tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ìhà gúúsù, láti ọ̀nà òkun, ni òjò ti máa ń gòkè wá. Nítorí èyí, àwọn tí ń dáko ní ìhà Òkèlúsè, tí igbó wà, máa ń rí òjò tí ó fìdí múlẹ̀ ṣáájú àwọn tí ó wà ní òkè Ìdóàní. Ìyàtọ̀ náà lè má ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tó láti pa ọmọ ọ̀gbìn. Ní gbogbogbòò, òjò máa ń fìdí múlẹ̀ láàrin oṣù Kẹrin, yóò pọ̀ ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, yóò sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, yóò tún padà dé pẹ̀lú agbára nínú oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, yóò sì parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Láti ìgbà náà títí di oṣù Kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ yóò sì gba àárín rẹ̀.

Ìgbà tí ó dára jù láti gbin koóko ọba ni láti àárín oṣù Kẹrin títí di òpin oṣù Karùn-ún. Ẹni tí ó bá pẹ́ wọ inú oṣù Kẹfà kò tíì pàdánù, àmọ́ ìkórè àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò pẹ́ bákan náà. Ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà nìkan kò tó. Àmì tí ó dájú wà nínú ilẹ̀: kí àgbẹ̀ fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ wò ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn òjò. Bí ilẹ̀ bá ṣì tutù dé ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sísàlẹ̀, ìgbà ti tó. Bí ó bá jẹ́ pé òkè nìkan ni ó tutù, tí ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ eruku, kí ó ní sùúrù. Àmì kejì ni àgbàdo àkọ́rọ̀. Nígbà tí àgbàdo àwọn ará àdúgbò bá ti hù dé orúnkún tí kò sì rọ, ilẹ̀ ti ṣetán láti gba koóko ọba. Àjọ tí ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, a sì máa gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdọọdún nípa ìgbà tí òjò yóò fìdí múlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn iléeṣẹ́ rédíò a sì máa ka a. Ó yẹ kí àgbẹ̀ fetí sí i, ṣùgbọ́n kí ó má tìtorí rẹ̀ ju àdá tí ó fi ń wo ilẹ̀ nù.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbìn ín, ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù, tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Ìdí tí ó ti tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí wọ́n hú. Wọn yóò gé ewé rẹ̀ kúrò títí tí yóò fi ku nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan péré, wọn yóò bọ́ àwọn ewé gbígbẹ tí ó wé mọ́ ọn, wọn yóò sì fi ọwọ́ ya á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbòǹgbò díẹ̀ sì wà lára ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ni kì í fẹ́ gé ewé náà nítorí pé ó ń ṣe wọ́n bí òfò, ṣùgbọ́n ewé gígùn yóò máa fa omi tí gbòǹgbò kò tíì lè pèsè. Kí wọ́n fi ewé tí wọ́n gé náà se tíì, kò ṣòfò. Ọmọ kan tàbí méjì ni kí wọ́n fi sí ihò kan, ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ara wọn. Lórí ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 100, ihò 1,250 ni èyí yóò jẹ́. Kí wọ́n má ri i mọ́lẹ̀ jù: ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí mẹ́rin tó, nítorí pé bí omi òjò bá dúró lé àárín rẹ̀ lórí, yóò jẹrà. Ní ibi tí ilẹ̀ bá rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, orí ebè ni kí wọ́n gbìn ín sí.

Ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa tó fún ajílẹ̀. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ni ríro ṣe pàtàkì jù, torí koríko ni koóko ọba fúnra rẹ̀, àwọn ìbátan rẹ̀ nínú igbó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Lẹ́yìn náà ni ewé rẹ̀ yóò bo ilẹ̀, tí èpò kò sì ní rí oòrùn mọ́. Ẹni tí yóò ro ó kí ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn, nítorí etí ewé náà mú, ó sì lè la ọwọ́ bí abẹ.

Ìgbà kejì tún wà láti gbìn ín, èyí sì ni òjò àrọ̀kúrò, láti òpin oṣù Kẹjọ sí àárín oṣù Kẹsàn-án. Ní Ọ̀wọ̀, àsìkò ọdún Ìgògo ni èyí, tí wọ́n máa ń fi rántí Olorì Oronsen, tí ìlù kì í sì í dún nígboro àfi agogo. Ẹni tí kò bá tíì gbìn títí Ìgògo fi parí, kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀, àyàfi tí oko rẹ̀ bá wà ní àkùrọ̀ tàbí tí ó bá ní kànga nítòsí. Láti àárín oṣù Kẹsàn-án sí ìgbà tí òjò yóò lọ kò ju ọ̀sẹ̀ méje tàbí mẹ́jọ. Ó lè mú gbòǹgbò láàrin ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò ní ní agbára tí yóò fi gbé ẹ̀ẹ̀rùn oṣù mẹ́rin láìsí ìrànlọ́wọ́. Kí olóko fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí ó sì máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí òjò yóò fi padà. Irú èyí kò ṣe é gé kí ó tó di oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà ọdún kejì.

Níhìn-ín ni ó yẹ kí a ti mẹ́nu ba ewé kan tí àwọn tí ó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà bọ̀ máa ń kó hóró rẹ̀ wálé, lemon balm. Òórùn lẹ́mọ́ọ̀nù ni òun náà ní, tíì ni wọ́n sì fi ń ṣe, èyí ni àwọn kan fi rò pé ohun kan náà ni pẹ̀lú koóko ọba. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìbátan ẹfinrin ni lemon balm, kì í ṣe koríko. Melissa ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí oyin, nítorí pé oyin fẹ́ràn òdòdó rẹ̀. Ilẹ̀ olótùútù ni ó ti wá. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn àpò hóró rẹ̀ ni pé kí wọ́n gbìn ín nígbà tí yìnyín bá ti lọ, ìyẹn ní oṣù Kẹrin tàbí oṣù Karùn-ún, oòrùn gangan ni wọ́n sì ní kí wọ́n gbìn ín sí. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà yìí ní Ọ̀wọ̀ yóò gbìn ín sínú ooru àti òjò tí yóò mú kí ó jẹrà.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ síbẹ̀, ìdàkejì ni kí ó ṣe. Òpin oṣù Kẹwàá tàbí oṣù Kọkànlá ni kí ó fọ́n hóró rẹ̀ sínú ìkòkò tàbí àpótí, nígbà tí òjò ti ń lọ tí òru sì ti ń tutù. Kí ó má fi erùpẹ̀ bò ó, nítorí hóró náà kéré, ó sì nílò ìmọ́lẹ̀ kí ó tó hù. Kí ó sáà fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Abẹ́ ibòji ni kí ó wà láti ọ̀sán títí di alẹ́, kí ó sì máa rí omi lójoojúmọ́. Bí ó bá ti ga tó nǹkan bí íǹṣì 8, kí ó máa já orí rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó má sì dúró de òdòdó, nítorí pé òórùn ewé náà máa ń dínkù lẹ́yìn tí ó bá ti tanná. Nígbà tí ooru oṣù Kejì àti oṣù Kẹta bá dé, ó ṣeé ṣe kí ó kú. Ibi tí ó bá a lára mu ní Nàìjíríà ni orí òkè bíi Jos àti Mambilla, tí ó ga ju ìlú Ọ̀wọ̀ lọ jìnnà. Fún ará Upenmen, ẹfinrin ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ àti koóko ọba yóò sin ín ju àlejò yìí lọ.

Bí a bá padà sí koóko ọba, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn gbígbìn ni ìkórè àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n gbìn ní ìparí oṣù Kẹrin yóò tó gé láàrin oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá. Níhìn-ín ni àṣìṣe ńlá kejì ti máa ń wáyé. Ìdí náà lè ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láàrin oṣù mẹ́ta, ojú olóko yóò sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n gíga kọ́ ni kí ó wò. Kí ó ka ọmọ tí ó ti yọ ní ìdí rẹ̀. Bí wọn kò bá tíì tó mẹ́wàá, gbòǹgbò kò tíì gbilẹ̀, gígé yóò sì dá a padà sẹ́yìn. Àmì mìíràn ni pé ewé ìsàlẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ní ṣóńṣó. Èyí fi hàn pé ewé ti gbó, bí wọ́n bá sì jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbígbẹ náà yóò wọ inú, òróró inú ewé yóò sì máa dínkù.

Dòjé tàbí ọ̀bẹ mímú ni kí wọ́n fi gé e, kí wọ́n sì fi íǹṣì 4 sí 6 sílẹ̀ ní ìdí. Ibẹ̀ ni ibi tí ewé tuntun ti ń yọ wà. Ẹni tí ó bá fi àdá gé e mọ́lẹ̀ ti gé ìkórè tí ó kù náà dànù. Ní àwọn ilẹ̀ kan ní Éṣíà, ìdí funfun náà ni wọ́n ń fi se ọbẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń fà á tu. Àwọn tí ó bá rí èyí nínú fídíò kí wọ́n má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kórè ewé. Òwúrọ̀ ni kí wọ́n gé e, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, bí aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá. Ewé tí wọ́n bá gé nínú òjò tàbí pẹ̀lú ìrì yóò bu kí ó tó gbẹ.

Lẹ́yìn ìkórè àkọ́kọ́, oṣù méjì sí mẹ́ta ni yóò máa wà láàrin ìkórè kan sí èkejì. Ní ọdún kejì, olóko tí ó bá ń ṣọ́ ojú ọjọ́ lè gé e ní oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà, kí ó tún gé e ní oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn náà ní òpin oṣù Kẹwàá, bí òjò bá sì pẹ́ kí ó tó lọ, ó lè fa díẹ̀ yọ ní oṣù Kejìlá. Ti oṣù Kẹjọ wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ìgbà tí òjò sinmi ni, tí ewé sì wà ní rẹpẹtẹ. Ewé oṣù Kẹfà àti oṣù Keje pọ̀ jù gbogbo rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí oòrùn tí yóò gbẹ ẹ́. Irú èyí dára fún mímu ní tútù, tàbí fún títà ní ìdì ní ọjà lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, kì í ṣe fún títọ́jú.

Ibòji ni kí wọ́n ti sá a, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Oòrùn gangan yóò sọ ewé náà di pípọ́n, yóò sì fa òórùn rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gé e sí wẹ́wẹ́ bí ìka kan, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tó nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà ọyẹ́ kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Bí ewé bá dún wàràwàrà tí ó sì ṣẹ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ti gbẹ.

Orí àtẹ gíga ni kí wọ́n sá a sí, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tàbí etí títì, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìbòrí lálẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ìmọ́tótó lásán lọ ní agbègbè yìí. Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ibà Lassa ti ń yọ wọ́n lẹ́nu jù ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àìsàn náà, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, máa ń wá láti ara irú eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí ohun jíjẹ ni ó ń kó o ran ènìyàn, aláìsàn náà sì lè kó o ran ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń pọ̀ jù, gẹ́lẹ́ nígbà tí àwọn ènìyàn ń sá gààrí, èlùbọ́ àti ewé síta. Ewé tí ó bá ti gbẹ, inú ike tàbí agolo tí ó ní ìdérí tí ó bò dáadáa ni kí wọ́n kó o sí. Àpò ọ̀rá lásán kò dí eku lọ́wọ́.

Ọ̀nà kejì tí àìsàn náà fi kan koóko ọba burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń se ewé yìí, pẹ̀lú ewé dongoyaro, ewé ìbẹ́pẹ, èèpo ọ̀pẹ òyìnbó àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ó ń tuni lára, ó ń mú kí ènìyàn làágùn, kò sì sí ẹni tí yóò bá àwọn ìyá wa jiyàn lórí èyí. Àmọ́ ibà Lassa kì í fara hàn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bí ohun àjèjì. Ara gbígbóná, ẹ̀fọ́rí, àárẹ̀ àti ọ̀fun dídùn ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ibà tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ribavirin, máa ń ṣiṣẹ́ jù bí aláìsàn bá rí i gbà láàrin ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ márùn-ún mu àgbo nílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó ń retí kí ibà náà lọ, ti ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà. Bí ara gbígbóná bá kọjá ọjọ́ méjì, pàápàá láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin, ọ̀nà ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbà. Iléewòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà Lassa ní Nàìjíríà. Aláboyún, ní tirẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ kí ó tó máa mu ewé náà déédéé.

Ní ti òróró, kí ẹni tí ó ń lá àlá rẹ̀ kọ́kọ́ ṣírò. Ewé tútù tí ó wọn 100 kìlógíráàmù kì í fúnni ní ju nǹkan bí 200 sí 500 gíráàmù òróró lọ, bí ohun èlò bá tilẹ̀ dára. Ewé tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ó rọ fún ọjọ́ kan máa ń rọrùn ju tútù lọ láti fi ooru omi gbígbóná yọ òróró inú rẹ̀. Oko ẹ̀yìnkùlé kò lè bọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ewé gbígbẹ tí ó mọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì tutù, tí wọ́n sì dì sínú ike kéékèèké, ni ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kékeré lè fi ewé yìí rí owó.

Láti àárín oṣù Kejìlá lọ, kí wọ́n fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi. Yóò dà bí ẹni pé ó ti kú. Ewé ìta yóò gbẹ, yóò sì di pupa rúsúrúsú, èyí sì léwu, nítorí òróró wà nínú rẹ̀, iná sì máa ń gbà á kíákíá. Iná ìgbẹ́ tí àwọn ọdẹ àti àwọn tí ń pa oko ń sun nínú oṣù Kìíní àti oṣù Kejì lè jó gbogbo rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí olóko yọ ewé gbígbẹ kúrò lára rẹ̀ kí Kérésìmesì tó dé, kí ó sì ro yíyí oko náà ká ní fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10 ó kéré tán. Bí iná bá wá jó o pàápàá, kí ó má yára hú u: bí iná kò bá wọ ìdí, òjò oṣù Kẹrin yóò mú ewé tuntun jáde.

Ní ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún, àárín ìdí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọmọ yóò máa yọ ní ẹ̀gbẹ́ nìkan, ewé yóò sì tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn àmì pupa bí ìpẹtà lè pọ̀ lára ewé pẹ̀lú. Nígbà náà ni kí wọ́n hú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n ṣa àwọn ọmọ ẹ̀gbẹ́ tí ara wọn dá, kí wọ́n ju àárín rẹ̀ nù, kí wọ́n sì tún wọn gbìn sí ilẹ̀ mìíràn nígbà tí àgbàdo àkọ́rọ̀ bá ti dé orúnkún.